Ta Ni Yóò Dáhùn fún Irin?

Ní ọdún 2005, ní ìlú Ivrea ní àríwá Ítálì, àwọn olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe pátákó kékeré kan tí wọ́n pè ní Arduino. Wọ́n gbé e karí iṣẹ́ tí Hernando Barragán, ọmọ ilẹ̀ Kòlóńbíà, ti ṣe ṣáájú wọn ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n ní lọ́kàn: ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná rí, tó fẹ́ kí gílóòbù máa tàn nígbà tí èèyàn bá kọjá níwájú ère rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán pátákó náà síta kí ẹnikẹ́ni lè ṣe tirẹ̀, wọ́n sì gbé kóòdù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ níṣẹ́ síta pẹ̀lú. Lónìí, irú pátákó bẹ́ẹ̀ ti wọ inú páńẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré. Ó ń darí ọ̀bẹ tó ń gé páànù, ó ń darí mọ́tò tó ń fa bẹ́líìtì, ó ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹrin ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ̀rọ̀ owó, bó ti pọ́kú tó. Ìbéèrè ìwà ni èmi fẹ́ bi. Ṣé ó tọ́ kí á fi ọwọ́ ọmọ ènìyàn sábẹ́ àṣẹ ohun tí àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò ṣèlérí ohunkóhun nípa rẹ̀?

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá ka GPL, ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ kóòdù tó wà ní gbangba ń lò, ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2007, yóò rí i ní abala 15 àti 16 pé bí kóòdù náà ṣe wà ni wọ́n ṣe fi sílẹ̀, pé ewu lílò rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ń lò ó, àti pé bó bá ṣe jàǹbá, ẹni tó kọ ọ́ kò ní san gbèsè. Grbl, kóòdù tí Simen Svale Skogsrud bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ń darí ẹ̀rọ ìgégi àti ìgérin káàkiri ayé láti orí ṣíìpù kan tí àyè ìrántí rẹ̀ fún iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò ju kílóbáìtì 2 lọ, abẹ́ ìwé àṣẹ yìí náà ló sì wà. Ẹ̀sùn tí àwọn tí kò fara mọ́ ọn fi ń kàn án kò ṣòro láti gbọ́ yé. Bí oníṣègùn bá gbé àgbo lé wa lọ́wọ́, tó ní òun kò mọ̀ bóyá yóò wo àìsàn tàbí yóò pa aláìsàn, a ó dá àgbo náà padà fún un. Kí ló dé tí ti irin fi yàtọ̀?

Èrò mi ni pé ó tọ́ láti lo kóòdù tó wà ní gbangba bẹ́ẹ̀, àti pé nínú ọ̀ràn kan ó tọ́ ju èkejì rẹ̀ tí a tì pa lọ. Ohun tó bá ń pàṣẹ fún irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Kóòdù tó wà ní gbangba ṣeé bi léèrè, èyí tí a tì mọ́nú àpótí kò ṣeé bi. Ṣùgbọ́n ṣíṣí ìmọ̀ sílẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè náà fún wa. Ńṣe ló ń gbé ìdáhùn náà kúrò lọ́rùn ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, tó ń gbé e ka ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà, ẹni tí òṣìṣẹ́ mọ ojú rẹ̀.

Ohun tó wà tẹ́lẹ̀ kí pátákó yìí tó dé yẹ ká mọ̀. Títí di apá ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn rìléè ló ń darí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò: ọgọ́rọ̀ọ̀rún swíìṣì oníná tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ lára ògiri. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe mọ́tò tuntun, wọ́n ní láti tú wáyà náà, kí wọ́n tún un so. Ní 1968, Richard Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èrò kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tí yóò rọ́pò rìléè; Modicon 084 ni wọ́n pè é, ilé iṣẹ́ General Motors sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Ìdílé ẹ̀rọ yìí ni à ń pè ní PLC títí di òní. Ó lágbára, ó ń fara da ooru àti ìgbọ̀nrìrì, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ohun kan yí padà nígbà tí rìléè lọ. Oníná tó bá dúró níwájú ògiri rìléè lè fi ìka tọ wáyà láti swíìṣì dé mọ́tò, kó sì sọ ìdí tí mọ́tò fi yí. Nígbà tí ìdí náà wọ inú kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ṣe é fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, ìka kò lè tọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun tí títì pa yìí lè fà hàn kedere nínú ọ̀ràn Therac-25, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ìjọba Kánádà kan, AECL, ṣe láti fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ó kéré tán ènìyàn mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà fún ní ìtànṣán tó pọ̀ ju ohun tí dókítà kọ lọ lọ́nà tó burú jáì, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, Therac-20, ní ìdènà oníná àti onírin tó dá dúró, tí yóò gé ìtànṣán náà kúrò bí nǹkan bá ṣì. Nínú Therac-25, wọ́n yọ púpọ̀ nínú ìdènà wọ̀nyẹn, wọ́n sì fi iṣẹ́ wọn lé kóòdù lọ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Tyler ní Texas ní 1986, ojú ẹ̀rọ náà kọ “Malfunction 54” sílẹ̀ nígbà tí aláìsàn ń jẹ̀rora lórí ibùsùn, ìwé ìtọ́ni kò sì sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n bi ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èsì tó wá ni pé ẹ̀rọ náà kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìtànṣán àfijù. Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà, àti òṣìṣẹ́ yìí ló jókòó tì í, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì léraléra, títí wọ́n fi rí i pé bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá tún ohun tó kọ ṣe kíákíá, ẹ̀rọ náà yóò gbàgbé ipò tí ó wà. Wọ́n mọ àléébù náà láti òde. Wọn kò lè rí kóòdù tó fà á. Nígbà tí Nancy Leveson àti Clark Turner tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1993, wọ́n fi hàn pé irú àléébù kan náà ti wà nínú kóòdù Therac-20 láti ìgbà pípẹ́. Fíúùsì tó ń já ló ń gba àwọn aláìsàn là láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni ìyẹn, pé ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ rere kò ní fi kóòdù ṣèké, kó rántí Volkswagen. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ó hàn sí gbogbo ayé pé nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ díísù tí ilé iṣẹ́ náà ti tà, kóòdù kan wà tó ń mọ ìgbà tí wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò. Bó bá mọ̀ pé àyẹ̀wò ni, á dín èéfín olóró kù; bó bá bọ́ sójú títì, á tú u sílẹ̀. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì West Virginia ló tọ́ka sí i, nípa wíwọn èéfín ọkọ̀ lójú ọ̀nà gidi. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àyíká gan-an ti kọ̀wé tako jíjẹ́ kí ẹni tó ra ọkọ̀ tú kóòdù inú rẹ̀ wò, nítorí ẹ̀rù pé àwọn aráàlú á yí i padà láti ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n fọkàn tán, tí kóòdù náà wà ní títì lọ́wọ́ rẹ̀, gan-an ló ti ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́.

Àtakò kan wà tó wá láti inú àṣà tiwa, mo sì kà á sí ju àwọn yòókù lọ. Wọn á ní àwọn baba wa kò da ìmọ̀ irin sí ìta gbangba. Agbẹ̀dẹ ní àṣírí, babaláwo ní àṣírí, ọmọṣẹ́ sì ní láti sin ọ̀gá rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún kó tó mọ ohun tó wà nídìí iná ewìrì. Wọ́n pa ìmọ̀ mọ́ kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tíì tó o. Ṣé àwa wá gbọ́n jù wọ́n lọ, tí a fi ń gbé ìmọ̀ tó lè gé èèyàn lápá lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn mi ni pé ohun méjì ló so pọ̀ nínú àṣà yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ òde òní sì mú. Agbẹ̀dẹ pa àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n ó tún búra. Ó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń lo ọkọ́ rẹ̀, gbogbo ìlú mọ ojúbọ Ògún tó ti ń bọ, wọ́n sì mọ ilé baba rẹ̀. Bí irin rẹ̀ bá ṣe jàǹbá, kò sí ibi tó fẹ́ sá sí. Ìdí nìyí tí irin fi jẹ́ ohun ìbúra títí dòní, tó fi jẹ́ pé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù a máa fi irin búra bí àwọn mìíràn ṣe ń fi Bíbélì tàbí Kùránì búra. Àṣírí tó ní ìbúra nídìí ni tiwọn. Èyí tí a ń bá pàdé nínú àpótí tí a tì pa jẹ́ àṣírí tí ìbúra ti kúrò nídìí rẹ̀: ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ wà ní ilẹ̀ mìíràn, a kò mọ orúkọ rẹ̀, ìwé àdéhùn tó bá ẹ̀rọ náà wá sì sábà máa ń dín gbèsè rẹ̀ kù gẹ́gẹ́ bí GPL ti ṣe. Bí a kò bá lè ní àṣírí àti ìbúra pa pọ̀ mọ́, tí a sì ní láti yan ọ̀kan, ìbúra ni mo yàn.

Ìtàn Ìrè Èkìtì ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pa á, Ògún dé Ìrè ní ọjọ́ tí wọ́n wà ní ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó wo agbè ẹmu, ó ṣófo. Inú bí i, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni nípa ìbínú. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ni irin fúnra rẹ̀ mú irin lọ́wọ́ láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó béèrè, kò sí ìdáhùn, àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́ sì kú. Irin kò mọ ẹni tí ó ń gé. Nígbà tó yé Ògún, kò di ẹ̀bi náà ru idà, kò sì di í ru àwọn tó dákẹ́. Ó gbà pé tòun ni, ó sì wọlẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀kọ́ ìsìn yìí, a kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú irin lọ́wọ́ kó sì ní òun kọ́ ló ṣe é, òrìṣà tó ni irin pàápàá kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. Mo rò pé onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù fún ọ̀bẹ, ì báà jẹ́ Kristẹni, Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kò gba ọlọ́run kankan gbọ́, wà lábẹ́ òfin yìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Kíkà tí kóòdù ṣeé kà kò túmọ̀ sí pé ẹnìkan kà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kéde àléébù Heartbleed nínú OpenSSL, kóòdù tó wà ní gbangba, tí apá tó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé fún ààbò. Ó ti wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde láti 2012. Ọdún méjì gbáko ni gbogbo ayé fi láǹfààní láti rí i, tí wọn kò rí i. Ken Thompson sì ti kìlọ̀, nínú àsọyé ẹ̀bùn Turing rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984, pé bí o bá tilẹ̀ ka gbogbo kóòdù rẹ pátá, irinṣẹ́ tó ń yí i padà sí èdè ẹ̀rọ ṣì lè fi ohun búburú kún un láìjẹ́ pé o rí i. Ṣíṣí náà sì ní ibi tó dúró sí: pátákó Arduino Uno wà ní gbangba, ṣùgbọ́n àwòrán inú ṣíìpù ATmega328P tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun lo iṣẹ́ àṣísílẹ̀, pé nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ òun kò léwu, ti ṣe irú àṣìṣe tí àwọn AECL ṣe. Ó ti fi ìgbẹ́kẹ̀lé dípò ẹ̀rí.

Therac-20 fi ohun tó yẹ ká ṣe hàn wá, láìmọ̀ọ́mọ̀. Kò sí kóòdù kankan, àṣísílẹ̀ tàbí àtìpa, tó yẹ kó dá dúró láàárín ọ̀bẹ àti ọwọ́. Bọ́tìnì pupa tí òṣìṣẹ́ yóò gbá nígbà ewu gbọ́dọ̀ gé iná mọ́tò láti orí wáyà àti rìléè ààbò, kó má dúró de ìyọ̀ǹda ṣíìpù. Ìlẹ̀kùn ìdáàbòbò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ dúró bí kọ̀ǹpútà bá tilẹ̀ ti kú sínú. Ọ̀pá ìdiwọ̀n ISO 13849 àti IEC 61508 ti sọ bó ṣe yẹ kí a yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, mi ò sì mọ ìdí kankan tí ẹni tó fẹ́ràn ìmọ̀ àṣísílẹ̀ fi ní láti kórìíra wọn. Ìwé ẹ̀rí ààbò jẹ́ ọ̀nà kan tí ayé òde òní ń gbà búra: ẹnìkan wò ó, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Àtakò àwọn oníná pé pátákó tó ń lo fóòtì 5 kò lè bá sẹ́ńsọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lo 24 rìn, pé ariwo iná láti ara mọ́tò ńlá yóò da á lórí rú, òótọ́ ni, kò sì pẹ́ láti dáhùn. Àléébù wáyà àti àpótí ni, kì í ṣe ti ìmọ̀ tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń fi ohun tó ń ya iná sọ́tọ̀ sáàárín wọn, àwọn pátákó tí wọ́n dìídì ṣe fún ilé iṣẹ́, bíi Arduino Opta tí wọ́n kéde ní 2022, sì ti yanjú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó gbé pátákó akẹ́kọ̀ọ́ lásán sínú páńẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ ìtẹrin ti ṣe àìdára, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ ni, a kò lè fi ka ẹ̀sùn sí ìmọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n ni ti ilé iṣẹ́ tó ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Bí PLC inú rẹ̀ bá dákẹ́, tí ọ̀rọ̀ aṣínà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, iṣẹ́ dúró, owó oṣù dúró. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á so wáyà yí sẹ́ńsọ̀ ìlẹ̀kùn ká, kí ẹ̀rọ lè gbà pé ìlẹ̀kùn wà ní pípadé nígbà gbogbo. Ìwà ìkà kọ́ ni. Wọ́n ti gba agbára láti mọ ìdí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó tan ẹ̀rọ náà jẹ. Títì pa tí wọ́n ní ó wà fún ààbò ti wá di ohun tó ń pa ààbò. Ẹni tó lè ka kóòdù rí ọ̀nà mìíràn níwájú rẹ̀: ó lè wá ìdí tí sẹ́ńsọ̀ fi ń ṣèké, kó tún un ṣe, kí ìlẹ̀kùn sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè pé ta ni yóò dáhùn. Wọ́n lè ní bí ọ̀bẹ tí Grbl ń darí bá gé ọwọ́ ènìyàn, Skogsrud tó kọ ọ́ kò ní ìpín nínú rẹ̀, àti pé èyí gan-an ni àléébù ìmọ̀ àṣísílẹ̀: gbogbo èèyàn ló ni ín, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ni ín. Mo gbà pé ẹ̀bi náà kò kan Skogsrud. Ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ tọrẹ, tó sì sọ òótọ́ pé òun kò mọ ẹ̀rọ tí ẹ gbé e sí, kò ṣe ìlérí tí yóò yẹ̀. Ìlérí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mú ẹ̀bùn náà, tó so ó mọ́ ọ̀bẹ, tó sì pe òṣìṣẹ́ pé kó wá dúró tì í. Òun ló mọ bí ọ̀bẹ náà ṣe wúwo tó àti bí ọwọ́ yóò ṣe jìnnà sí i tó. Kò sì lè sọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ra àpótí tí a tì pa ṣe lè sọ, pé wọn kò jẹ́ kí òun rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó rí i. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹrù ìmọ̀ àṣísílẹ̀ wúwo ju ti èkejì rẹ̀ lọ, àti pé ẹni tó yàn án nítorí pé ó pọ́kú nìkan kò tíì mọ ohun tó rà. Ó yẹ kí ìwé kan wà nínú ìlẹ̀kùn páńẹ́ẹ̀lì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí orúkọ ẹni tó kọ́ ọ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dán bọ́tìnì pupa wò kẹ́yìn, àti ẹni tó dán an wò. Kí òṣìṣẹ́ tó ń lò ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó ń mú ọ̀bẹ náà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnìkan tó wà nítòsí sì lè ṣí kóòdù náà níwájú rẹ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kó tó fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀.